Iyanrìn Inú Bàtà

Ọkọ̀ ojú irin já mi sílẹ̀ ní Karátsù ní aago mẹ́jọ àárọ̀,
àpò kan lẹ́yìn, agboòrùn kan tí mi ò padà ṣí.
Mo kọ́kọ́ lọ wo ohun tí àlejò ń wò:
ilé olódi funfun tó nàró lórí òkè bí lékeléke létí omi,
igbó páìnì tí afẹ́fẹ́ òkun ti tẹ̀ lọ́rùn ba,
òpópónà tí wọ́n ti ń ta abọ́ amọ̀ aláwọ̀ eérú.
Ọ̀kan wù mí. Mo gbọ́ iye rẹ̀,
mo rọra gbé e padà sí ibi tó wà.

Ní ojúbọ, mo wo àwọn ará ìlú kí n tó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe:
wọ́n bomi sọ́wọ́ òsì, wọ́n bomi sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n yọnu,
wọ́n sọ owó wẹ́wẹ́ sínú àpótí,
wọ́n tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
wọ́n tún tẹrí ba.
Èmi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín,
ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ilé ìyá Tsunéko ni mo dé sí.
Gbogbo ojúlé àdúgbò ló fi àtùpà oníwèé kọ́ ẹnu ọ̀nà,
tirẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn.
"Ọkọ mi kú ní oṣù kẹfà," ó ń bu tíì fún mi.
"Ilé tí ikú bá wọ̀ kì í bá òrìṣà ṣọdún,
a kì í gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà ojúbọ kọjá títí ọdún á fi yí po."
Ogójì ọdún ni Shigéki fi fa ẹja pupa.
Lọ́dọọdún, àlejò á kún ilé yìí dé orí àtẹ̀gùn,
wọn á se odindi ẹja kan tó tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá,
owó oṣù mẹ́ta á wọ inú ìkòkò, kò sẹ́ni tí í kà á.
Lọ́dún yìí: tíì, bísíkíìtì mẹ́ta, èmi.

"Lọ," ó ní. "Lọ bá mi wò ó.
Má ya fọ́tò fún mi, fọ́tò kún dúrọ́ọ̀ mi.
Ṣáà wò bóyá lẹ́bẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n."

Wọ́n ń bọ̀:
kìnnìún pupa, akoto ajagun tó ga bí àká,
alábahun, dírágónì,
lẹ́yìn wọn ni ẹja náà, pupa bí ata tó pọ́n,
ojú rẹ̀ ràgàjì,
bébà ni ara rẹ̀, ọ̀dà lórí bébà, wúrà lórí ọ̀dà.
"Énya! Énya!"
Ọmọdé lókè ń fọn fèrè, àgbà nílẹ̀ gbá okùn mú.
Ó dé orí iyanrìn, ó rì.
Iyanrìn gbé àgbá kẹ̀kẹ́ mì dé ìdajì. Fèrè dákẹ́.
*Okun ni wọ́n fi ń fa okùn létí òkun*,
ahọ́n mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀,
kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ìyá mi níbẹ̀.
Nígbà náà ni mo rí i: lórí okùn, láàrin ọkùnrin méjì,
àyè kan ṣófo, ó fẹ̀ tó èjìká ẹnì kan.
Èrò ń ti ara wọn. Kò sẹ́ni tó sún dí i.
"Énya!" Ẹja ta kìjí, ìrù rẹ̀ sọ sókè,
lẹ́bẹ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Mo padà, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn.
"Ó gbọ̀n?"
"Ó gbọ̀n."
"Ta ló dúró síbi ọkọ mi?"
Mi ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.
Mo ní àyè kan wà tí wọn ò dí.
Kò fèsì. Ó ń to ife.

Lóru, ìró kékeré kan jí mi, mo yọjú.
Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ń gbọn iyanrìn inú rẹ̀ sínú abọ́ aláwọ̀ eérú,
ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìkejì.
Ó wá tò wọ́n pa pọ̀,
ó kọ imú wọn síta, sí ọ̀nà tí mo máa gbà lọ.